Ohùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú Dání

Bí sáà tuntun bá ti ń wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti fíìmù nílùú Ọ̀yọ́ máa ń bi mí: kámẹ́rà wo ni kí n rà? Àwọn míì ti ń yọ àwọn òbí wọn lẹ́nu lórí ẹ̀. Ọ̀yọ́ níbí lèmi náà ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ìdáhùn mi kì í sì í yí padà. Ẹ fi ti kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Fóònù ọwọ́ yín tó ọdún yìí ṣe. Bí owó díẹ̀ bá wà, máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn ẹ̀wù ni kí ẹ fi rà.

Ojú a máa fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù yín kò ní dúró wò ó tán. Ti èdè wa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé lílọ sókè sódò ohùn ló gbé ìtumọ̀ dání. Bí jẹnẹrétọ̀ bá bo ohùn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá ni èyí ti yé mi yékéyéké. Ta ni kò mọ Ọ̀yọ́ mọ́ igbá fínfín? Mo lọ bá bàbá kan tó ń ṣe é. N kò tíì yọ fóònù rárá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ìgbà tí mo dárúkọ agbo ilé wa tán ni wọ́n tó fi ìjókòó lọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ẹni tí ẹ kò kí dáadáa kò ní sọ ọ̀rọ̀ gidi fún yín.

Bí ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ ó gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń ha ara igbá, kẹrẹ kẹrẹ. Á dákẹ́. Bàbá á fẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó wà lójú ọnà náà kúrò, wọ́n á yí igbá lórí itan, ọ̀bẹ á tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn yẹn gan-an ni fíìmù náà, fóònù tó wà lókèèrè kò sì lè gbé e. Ọ̀kadà tó ń kọjá ni yóò gbé. Mo wá yá fóònù kejì, mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan wọn, mo gbé e lé e kó máa gba ohùn nìkan, èyí tí mo fi ń ya àwòrán sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo délé, ibi tí àtẹ́wọ́ náà ti dún ni mo fi so àwòrán mọ́ ohùn. Iṣẹ́ kan náà ni pátákó tí wọ́n ń gbá pà ní lókéṣọ̀n ń ṣe.

Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ gba ohùn ibẹ̀ lófìfo. Òun ni ẹ ó fi dí ojú ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.

Ti iná kò gba àlàyé púpọ̀. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa, 50 hertz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń ṣẹ́jú lábẹ́ gílóòbù míì. Ẹ fi iye àwòrán sí 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa dé lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, wà ní 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, á dúró.

Bí wọ́n bá pín yín sí ẹgbẹ́ ní kíláàsì, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ jẹ́ olùdarí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa du ìyẹn, kí ẹ lọ dìídì gba iṣẹ́ ohùn. Ohun tó gbé èmi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń ṣe fíìmù nìyẹn, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀.

Ẹ má sì ṣe máa sá fún kíláàsì ìtàn tíátà. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Àwọn onímọ̀ tọpa iṣẹ́ alárìnjó, ìyẹn àwọn òṣèré tó ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú, dé ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, lọ́dọ̀ àwọn eléégún tó ń dá ọba lára yá. Ìlù, orin àti ẹ̀sà, ìyẹn ewì eégún, ni wọ́n fi ṣe é. Hubert Ogunde tó dá ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, orí ìtàgé náà ló ti kó orin àti ìlù wọnú fíìmù ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Bí olùkọ́ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ yìí tí kíláàsì kò tíì gbóná, ẹ lọ sí ọjà Akẹ̀sán láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ àwọn ìyá ibẹ̀, kí ẹ gba ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún láìya àwòrán kankan. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan, torí fóònù a máa bọ́ lápò èèyàn lórí ọ̀kadà.