Èló ni ìwé-ẹ̀rí ìtọ́jú katapíllà ń mú wọlé?

Nítorí pé èmi ni mo ń kọ ìwé owó fún àwọn kan tó ń wa yanrìn létí ọ̀sà ní Ìkòròdú, àwọn òbí máa ń bi mí bóyá ó tọ́ kí ọmọ lo ọdún méjì, mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé-ẹ̀kọ́ kí ó tó máa tún katapíllà ṣe, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ tó gba fúrídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ti ń rówó gbà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Èsì mi kì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn. Láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ ni yóò lówó lọ́wọ́ ju ẹni tó lọ kàwé lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa mọ́ fún òbí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìwé-ẹ̀rí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá, bí ẹni tó ni ín bá sì mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń náni. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, wọn kì í ṣírò owó tí ọmọ ì bá ti máa gbà ní gbogbo àkókò náà, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló máa ń pọ̀ jù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó lè rí iye yẹn gbà, tó wá fi ọdún méjì ka OND (ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní politẹ́kíníìkì), ti yááfì 1,680,000 náírà kí a tó mẹ́nu kan owó ìwé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ti yááfì 4,200,000. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ìkòròdú gan-an, nítorí pé Lagos State Polytechnic tó wà lágbègbè wa ti di yunifásítì ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wo ọ̀nà ibẹ̀ sì ti ń lépa oyè ọlọ́dún márùn-ún báyìí, yálà ohun tó bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn mu nìyẹn tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní tèmi, OND ọlọ́dún méjì, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Yaba College of Technology, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí NABTEB (ìdánwò àṣejáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́) jáde ní Government Technical College tiẹ̀ ti mọ orúkọ irinṣẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ibi tí owó wà nínú iṣẹ́ yìí ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Ká fi 200,000 náírà lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ owó tí wọ́n fi ń háyà ẹskavétọ̀ kan: bí ó bá dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí pé a kò mọ ohun tó ń ṣe é, mílíọ̀nù méjì ti lọ, awakọ̀ rẹ̀ ṣì ń gba owó, àwọn típà sì ti yí orí padà sí ibòmíràn. Iye wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń ka ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀: 250, 500, 1,000, 2,000, àti ohun tó yẹ ní pípààrọ̀ tàbí ní wíwò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá lè ka ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀rọ, tó sì lè so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn láti mọ àṣìṣe tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kọ sílẹ̀, máa ń dín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn kù. Owó ọjọ́ tí kò ṣòfò yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó tirẹ̀.

Mo rí irú rẹ̀ níbi ìwayanrìn kan lápá Bayeku. Ẹskavétọ̀ tòkunbọ̀ kan ṣàdédé pàdánù agbára, apá rẹ̀ kò lè gbé yanrìn tutù mọ́. Mẹkáníìkì àgbà tó wà níbẹ̀ ní pọ́ǹpù haidrọ́líìkì ti kú, ẹni tó ni ẹ̀rọ sì ti ń wá owó pọ́ǹpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ka OND sọ pé, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká wo inú fíltà ná.” Ó fi ayùn gé agolo fíltà náà, ó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sórí páálí nínú oòrùn, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ láti ìṣẹ́po dé ìṣẹ́po. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí pọ́ǹpù bá ń jẹ ara rẹ̀, idẹ wẹ́wẹ́ ni a ó rí tó ń dán níbẹ̀. Kò sí ohun tó dán. Ẹ̀rúnrún rọ́bà dúdú ló wà níbẹ̀, èyí tó fi èékánná fà tó sì nà. Ó so géèjì mọ́ ọn, agbára ọ́ìlì kò tó iye tí ìwé sọ. Nígbà tó tú fáàfù tó máa ń ṣí kí agbára ọ́ìlì má baà pọ̀ jù, ó bá ègé rọ́bà lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó pa dé. Síìlì sílíńdà kan, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀, ló ń fọ́. Bàbá yìí kan náà ló wá fi ọwọ́ pa àwọn sílíńdà náà, tó mọ èyí tó ń jò, tó sì tú u kíákíá lọ́nà tí ọmọ yẹn kò lè gbà tú u láéláé. Owó síìlì kò sún mọ́ owó pọ́ǹpù rárá. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ni ẹ̀rọ ti ń san owó oṣù fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí ó máa wá yẹ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wò kí wọ́n tó bàjẹ́. Mẹkáníìkì ojú títì kì í sábà rí irú owó yẹn gbà, nítorí pé ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n máa ń pè é.

Ọ̀nà kejì tí ìwé fi ń mówó wá kò fi bẹ́ẹ̀ dùn-ún sọ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ irin ní Odogunyan, àti ní ọ̀dọ̀ àwọn kọngílá ńlá, ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìwé ló ń wò, ẹni tí kò bá ní in kò ní dé iwájú ẹ̀rọ tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ń forúkọ ẹni tó ní OND sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí “technician”, ìyàtọ̀ sì wà láàárín ìyẹn àti ẹni tó ní HND (ìwé-ẹ̀rí politẹ́kíníìkì tó tẹ̀lé OND) tàbí oyè yunifásítì. Àwọn tó ń fẹ́ lọ sí Kánádà náà níláti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ìdánwò Red Seal (ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n gbà jákèjádò Kánádà) fún, pé ẹ̀rí wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń béèrè. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi?

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ tiwa ni bí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, Caterpillar ní ètò ọlọ́dún méjì kan pẹ̀lú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kúrò nínú kíláàsì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń sanwó fún un, tó sì ń padà sí kíláàsì. Níbí, ètò SIWES, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, wà láti ọdún 1973, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi àkókò rẹ̀ gbálẹ̀ tàbí kó ìwé kiri nínú ọ́fíìsì. Ẹni tó gba HND láìtíì tú sílíńdà kan rí kò sàn fún mi ju ọmọ iṣẹ́ ọlọ́dún kan lọ, owó oṣù tí wọn yóò fún un kò sì ní jẹ́ kó gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn báyìí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí ó ka OND ní ọdún méjì, kí ó fi ọdún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀lé e wà ní ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ ní tòótọ́ kódà bí owó ibẹ̀ bá kéré, kí ó sì tó pinnu lórí HND lẹ́yìn ìyẹn. Bùọ̀dá mi ti ní owó kan tó fẹ́ fi ṣe ìnáwó nígbà tí ọmọ náà bá wọlé. A ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà kí a fi ra sípánà àti géèjì, àfi iyàwó rẹ̀ tí kò tíì dárí jì wá nítorí aṣọ ẹbí tó ti ń wò lọ́jà.