Busua: Ẹja Tí Mo Dúró Dè fún Wákàtí Mẹ́ta

Ẹni tó bá ń lọ sí Busua, ìlú etíkun kan ní Gánà, kó má dúró dìgbà tí ebi bá pa á kó tó wá oúnjẹ. Èmi dúró, ojú mi sì rí nǹkan.

Oṣù Kẹjọ lèmi àti àbúrò mi obìnrin lọ. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Aflao, mi ò ní í sọ̀rọ̀ ibodè: ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á rí, kó ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ dání. A sùn ní Accra, a wọ bọ́ọ̀sì dé Takoradi (mo rí orúkọ Tarkwa lójú ọ̀nà, ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí Tarkwa Bay ti Èkó ló wá sí mi lọ́kàn), a sì wọ trotro, dáńfó tiwọn, dé Agona Nkwanta.

Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Awakọ̀ takisí kan bi wá bóyá "dropping" la fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí ohun tí à ń pè ní drọ́ọ̀bù l'Ékòó náà ni: ẹ san owó gbogbo ìjókòó, ọkọ̀ di tiyín. A san owó èèyàn mẹ́rin. A ò tíì jáde kúrò nígboro tó fi dúró gbé ìyá kan tòun ti agbọ̀n tòmátì. Mo ní, "Ọ̀gá, a ti san gbogbo owó ná." Ó ní ṣé kí òun fi màmá sílẹ̀ sínú oòrùn ni? Màmá sì ti ń kí wa ní "Akwaaba" tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ má sanwó kí ẹ tó débi tí ẹ̀ ń lọ o.

Busua dákẹ́. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ìgbì nìkan ló ń pariwo. Ará Èkó ni mí, n kò tètè rí oorun sùn.

Láàárọ̀, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Butre, bíi kìlómítà mẹ́ta. Ọ̀nà tóóró kan gun òkè láti ìpẹ̀kun etíkun, ó wọ inú igbó. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ọwọ́ ni mo fi gbé bàtà mi dé ọ̀hún. Igi bo òkun lójú wa, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹyẹ. Nígbà tí a yọ sókè, Butre wà nísàlẹ̀, odò ń wọ òkun, ilé odi Batenstein tí àwọn Òyìnbó ará Netherlands kọ́ ní 1656 sì jókòó lórí òkè. Mo ya fọ́tò bí ẹni lọ síbi ìgbéyàwó.

A padà ní aago méjìlá, a ní kí wọ́n bá wa yan ẹja, kí wọ́n fi bàǹkú, òkèlè àgbàdo tiwọn, sí i. Olóúnjẹ ní kò ní í pẹ́. Nígbà tó di aago méjì, mo lọ yọjú sí ilé ìdáná: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń koná. Ẹja ńkọ́? Ọmọkùnrin kan nàka sójú òkun. Ọkọ̀ tó gbé e ṣì ń bọ̀.

Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà rí i pé ara ń ta mí, ló bá ń bá wa sọ̀rọ̀ Badu Bonsu Kejì, ọba àwọn Ahanta. Busua ni ìtẹ́ wọn wà. Àwọn ará Netherlands so ọba náà kọ́ ní 1838, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílùú wọn, inú ìgò oògùn ló wà ní Leiden kí wọ́n tó dá a padà fún Gánà ní 2009. Mo rántí fọ́tò tí mo ń yà láàárọ̀, mo pa fóònù.

Aago mẹ́ta ni ẹja dé. Mo fẹ́ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kún. Egungun nìkan ni mo dá padà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi ní Lẹ́kí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì. Omi òkun ibẹ̀ máa ń tutù lóṣù Kẹjọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Orí iyanrìn ni olùkọ́ ti kọ́kọ́ ní ká dùbúlẹ̀, ká fọwọ́ tilẹ̀, ká dìde. Ọmọdé ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi dìde lójú omi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi dìde lẹ́ẹ̀kan, mo ka ení, mo ka èjì, omi gbé mi mì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o," lohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àbúrò mi nígbà tí mo yọrí. Àtaago méje àárọ̀ ló ti lọ bá wa sọ fún olóúnjẹ, ká lè rí ẹja jẹ lọ́sàn-án.