Ògiri Tí A Ò Kùn Lọ́dà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Ọ̀wàrà, 2025. Ìmẹ̀sí-Ilé.

Òjò tún rọ̀ mọ́jú. Abọ́ márùn-ún ni mo gbé kalẹ̀ kí n tó sùn, mẹ́ta péré ló bá omi. Iṣẹ́ káfíńtà ti ń hàn nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí mo kó dé, gbogbo abọ́ àti korobá tó wà nínú ẹrù mi ni mo tò káàkiri yàrá òkè, síbẹ̀ oorun ò kùn mí, nítorí bí omi ṣe ń kán, tó, tó, tó, títí ilẹ̀ fi mọ́. Òru ọjọ́ náà ni ààrá kọ́kọ́ sán sí mi létí ní ìlú yìí. Bí ó bá sán tán, àwọn òkè tó yí wa ká á gbà á, wọ́n á máa jù ú síra wọn, kò ní tètè parẹ́. Mo rántí ohun tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, pé ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ, àti pé ní Ìmẹ̀sí-Ilé níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ yẹn n'Íbàdàn. Òru ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ létí ara mi.

Ilé bàbá bàbá mi ni mo kó wá. Petẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, yàrá mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ ló pín wọn sí méjì, fèrèsé onípákó níwájú, kànga lẹ́yìn. Páánù orí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí ilé náà ti dúró, ogiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko. Owó aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òṣómàáló ni bàbá àgbà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé abúlé ni wọ́n, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá fẹ́ máa fi wọ́n ṣeré, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù wọn gan-an láyé ìgbà yẹn.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ò fẹ́ kí n tún ilé náà ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wó o," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn lórí fóònù. "Owó tí ẹ fẹ́ ná lé amọ̀ yìí, ó tó kọ́ ilé alábúlọ́ọ̀kù yàrá mẹ́ta." Mi ò bá a jà. Ó mọ̀ pé mo ti ń lọ sí ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò fẹ́ kí ilé wó lù mí mọ́lẹ̀. Òun náà ló sì fi owó káfíńtà ránṣẹ́. Káfíńtà yẹn ni kò jẹ́ ká ṣí páánù dànù. Ó ní páánù àtijọ́ nípọn ju èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí lọ, pé ojú ìṣó ni omi ń bá wọlé, ká dí ojú ìṣó.

Ògiri ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Nígbà òkú ìyá àgbà, ẹbí fẹ́ kí ilé dùn ún wò lójú àlejò, wọ́n bá rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ iwájú ilé látòkè délẹ̀, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú náà, mo sì rò pé wọ́n ṣe ohun tó dára. Nígbà tí mo kó dé, sìmẹ́ńtì náà ti ń wú síta, ó ti sán ní ibi mẹ́rin, mo sì rò pé kí a tún rẹ́ òmíràn lé e ni. Wọ́n júwe bàbá bíríkìlà kan fún mi, ẹni tó ti kọ́ ilé amọ̀ rí. Bàbá náà ò mú nǹkan kan dání wá. Wọ́n fi ìka kan ògiri níbí, wọ́n kàn án lọ́hùn-ún, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa etí sìmẹ́ńtì tó sán náà, ó sì ṣí kúrò lódindi bí èèpo iṣu sísè.

"Màmá Tíṣà, ẹ fọwọ́ bà á wò."

Mo fọwọ́ bà á. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

"Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀," bàbá ní. "Kì í ṣe àìsàn, bó ṣe rí nìyẹn. Bí oòrùn bá pa á, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tú omi náà síta. Ẹ wá fi sìmẹ́ńtì bò ó lẹ́nu. Ibo lẹ fẹ́ kí omi gbà jáde?"

Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè fèsì. Owó ńlá ni wọ́n ná sórí sìmẹ́ńtì yẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ná an, òun ló sì ń jẹ ìdí ilé láti ọdún náà wá. Ọjọ́ mẹ́fà la fi ṣí i dànù. A gbẹ́ amọ̀ lára okìtì ògán tó wà lẹ́yìn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì fi ẹsẹ̀ gún un pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá ní àfi kó kan díẹ̀ kó tó wúlò. Lọ́jọ́ karùn-ún tí a ṣí i, òórùn rẹ̀ kọjá sísọ, ṣùgbọ́n ó ń fà bí iyán. Lẹ́yìn náà ni a wá bọ́tọ lọ sí ẹsẹ̀ màlúù àwọn Fúlàní, a pò ó mọ́ ìyókù fún ìrẹ́gbẹ̀yìn. Ó ti gbẹ báyìí. Kò dán, kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti sìmẹ́ńtì, ipa ọwọ́ bàbá wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ pa orí omi. Láàárọ̀ mo máa ń jáde lọ fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé e kí n mọ̀ bóyá ó ṣì tutù. Kò tutù mọ́.

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ àti tànkì omi, mi ò ní sọ ọ́ lónìí. Iná ò sí láti ọjọ́ Ẹtì.

Yàrá òkè tó kọjú sí òpópó la dé lónìí. Yàrá tí mo fẹ́ máa sùn nìyẹn, nítorí afẹ́fẹ́ òkè ń wọ ibẹ̀ lálẹ́. Ọmọkùnrin tó ń bá mi kun ilé dé ní aago mẹ́jọ. A ti jọ fẹnu kò pé a ò ní lo ọ̀dà olóròóró, ẹfun la máa fi sitáàsì pò, kí ògiri lè máa mí. Kí ó tó kùn ún, ó ní láti ṣí àwọn kàlẹ́ńdà kúrò. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé Yorùbá á mọ irú ògiri tí mò ń wí. Kàlẹ́ńdà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà ìsìnkú tó ní àwòrán olóògbé láàárín àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ yíká, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ọ̀kan lé orí ìkejì. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra débi pé wọ́n di páálí. A fi omi gbígbóná rin wọ́n, a rọra ń bó wọn láti ìsàlẹ̀.

Bí a ṣe bó èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ọmọ náà dáwọ́ dúró. "Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Ẹfun àtijọ́ ni wọ́n fi kun ògiri náà, ó ti di àwọ̀ eyín. Wọ́n kọ nǹkan sí i lára látìsàlẹ̀ dókè, òmíràn pẹ̀lú èédú, òmíràn pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo lọ mú ìgò ojú mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kà ni: *Iya Elepo Ifaki, gele, 2/6.* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilà mẹ́ta tí wọ́n fi èédú fà lóòró. Lábẹ́ rẹ̀: *Baba Elemu Oye, agbada, 15/-.* Ilà ti èyí pọ̀, wọ́n sì ti fa ilà kan gbọọrọ dábùú gbogbo wọn.

Ìwé gbèsè bàbá àgbà ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Ṣílè méjì àti sísì ni owó gèlè náà. Sísì kan ni ilà kan. Bí ó bá pé márùn-ún, gbèsè tán, wọ́n á dábùú rẹ̀. Ti Ìyá Elépo kò kọjá mẹ́ta. Ṣílè kan ló kù lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́wàá nígbà tí a yí owó padà sí náírà ní 1973.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ò mọ̀wé. Àmì ìka ni wọ́n ń tẹ̀ sí ìwé títí wọ́n fi kú. Mo tún wo *gele* náà. Mo wo g inú rẹ̀. Ìrù rẹ̀ yí sẹ́yìn, ó sì ká wálẹ̀ bí ìrù ajá tó ń sùn. Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń kọ g bẹ́ẹ̀. G yẹn ni wọ́n fi kọ orúkọ mi sára gbogbo ìwé tí mo gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, òun ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi nígbà ìgbéyàwó mi. Orí àpótí ni mo jókòó sí. Ọmọ náà bi mí bóyá kó pọnmi wá, mo ní rárá.

Mo ránṣẹ́ pe Yèyé tó ń gbé ìdojúkọ wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn náà fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ lórí èjìká mi. Wọn ò bèèrè ohun tó jẹ́. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwé bàbá rẹ nìyí! Ọdún tí wọ́n ní ká wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀."

Ọdún 1955 ni wọ́n ń wí, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi nígbà náà. Yèyé ní bí bàbá àgbà bá ti ti Èkìtì dé lálẹ́, wọn kì í tíì jẹun tí wọ́n á ti pe ọmọ náà, wọ́n á gbé fìtílà, wọ́n á máa pe oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà á máa kọ ọ́. Ilà nìkan ni bàbá àgbà máa ń fi ọwọ́ ara wọn fà.

"Níwájú onígbèsè ló ti ń lóṣòó káàkiri," Yèyé ní. "Bó bá délé, á tún lóṣòó ti ọmọ ẹ̀, kójú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé."

Lẹ́yìn tí Yèyé sọ̀ kalẹ̀ lọ ni mo tó kíyè sí i. Ìlà ìwé tó wà nísàlẹ̀ jù lọ kò kọjá ìbàdí mi, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó wọ́, òmíràn dojú kọ ẹ̀yìn. Bí ó ṣe ń lọ sókè ni lẹ́tà ń kéré, tó ń gún régé. Èyí tó wà lókè pátápátá ju orí mi lọ, mo ní láti na ọrùn kí n tó rí i kà. Bàbá mi ń ga sí i lára ògiri náà. Ilà èédú sì ń bá wọn lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kan náà, gíga kan náà. Mo kúnlẹ̀ kí n lè ka ti ìsàlẹ̀ dáadáa. *Ikole*, wọ́n kọ K rẹ̀ sódì, wọ́n fi ìka pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ. Ipa ìka náà ṣì wà nínú ẹfun. Kékeré ni.

Mo pe àbúrò mi kí ó lè rí i lójú fóònù. Ó ń múra ibi iṣẹ́. Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń ní, "Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ tún sún mọ́ ọn." Nígbà tó yá ó bi mí pé, "Ìyá Elépo yẹn, ṣé ó san ìyókù?"

Mo ní kí ọmọ náà kun ògiri mẹ́ta yòókù, kí ó fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi fáníìṣì olómi tó ń dán lé e kó má baà parẹ́. Mo ní kó má fi ohunkóhun lé e. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, yàrá náà ti ń tàn, ẹfun tuntun ti ń gbẹ láti àwọn igun. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí apá kejì. Fọ́tò bàbá àgbà tí mo fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀, mo ti gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ ni mo rántí abọ́ mẹ́ta tó bá omi mọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ ògiri yìí gan-an ni mo gbé e sí. Mo pe káfíńtà, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, òun á dé láàárọ̀. Ààrá sì ti ń kù lápá Òkèmẹ̀sí. Mo wá ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi wé fóòmù ibùsùn mi, mo wá òòlù, mo gun orí àpótí, mo sì kan án mọ́ igi àjà láti igun dé igun, kí omi lè bá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàn sínú korobá. Ìṣó mẹ́sàn-án ni. Mò ń kọ èyí lójú fìtílà lórí ibùsùn, mo sì dojú kọ ọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páánù.