Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ "Wọn Ò Ní Ètò": Sí Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tí Ẹ Ń Kọ̀wé Lórí Eré Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí kíkọ̀wé lórí eré àròsọ sáyẹ́ǹsì, ti tẹlifíṣọ̀n àti ti sinimá. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mò ń ka ohun tí ẹ ń kọ, ẹ̀sùn kan náà tí ẹ ń fi kan àwọn tó ń kọ ìtàn eré, bí ìtàn bá yí padà, ni mo sì ń bá pàdé níbi gbogbo: "Wọn ò ní ètò kankan nílẹ̀." Ẹ̀sùn yẹn ń bí mi nínú, torí ó ń jẹ́ kí ẹlẹ́bi gan-an, ìyẹn ẹni tó ń pa ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ rẹ́, lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo ti kọ́ fún yín.

Àkọ́kọ́, ẹ fi àwọn òṣèré sílẹ̀. Àwọn kọ́ ló kọ ìtàn. Nígbà tí òṣèrébìnrin Kelly Marie Tran kópa nínú Star Wars, ọ̀wọ́ fíìmù ogun ojú òfuurufú, lọ́dún 2017, èébú tí wọ́n rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí pọ̀ débi pé ó pa gbogbo ohun tó wà lórí Instagram rẹ̀ rẹ́ lọ́dún 2018. Ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀ tó tún ń pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ eré, èmi ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá a sọ.

Èkejì, ètò dára o. J. Michael Straczynski ti ro ìtàn Babylon 5, eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lórí ibùdó kan lójú òfuurufú, dé ọdún márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti wá ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ bí òṣèré kan bá lọ lójijì. Michael O'Hare tó ṣe ọ̀gá ibùdó náà kúrò lẹ́yìn ọdún kìíní, òṣèré míì, Bruce Boxleitner, wọlé, ìtàn ò sì dá.

Ẹ̀kẹta ni pé Star Wars gan-an ò ní irú ètò yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ sì ti ń dùn. Lọ́dún 1977, Obi-Wan, àgbà jagunjagun, sọ fún Luke, ọ̀dọ́ akọni ìtàn náà, pé Darth Vader, ọ̀tá wọn, ló pa bàbá rẹ̀. Nínú ìwé eré tí Leigh Brackett kọ́kọ́ kọ fún fíìmù kejì lọ́dún 1978, ẹlòmíì ṣì ni bàbá Luke, òkú tó fara han ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni George Lucas, ẹni tó dá Star Wars sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Vader di bàbá Luke. Ìdáhùn tuntun yìí gbé ti tẹ́lẹ̀ ga ni. Ẹ padà lọ wo fíìmù 1977, níbi tí Luke ti béèrè bí bàbá òun ṣe kú. Alec Guinness tó ṣe Obi-Wan dákẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ìdákẹ́ kékeré yẹn ti wá ní ìtumọ̀ tí kò ní nígbà tí wọ́n ń yà á.

Ẹ wá wo ti Rey, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni fíìmù Star Wars tuntun. Lọ́dún 2015, olùdarí fíìmù J.J. Abrams fi ìbéèrè sílẹ̀: ta ni àwọn òbí ọmọ yìí? Rian Johnson tó darí fíìmù tó tẹ̀ lé e gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2017. Ó mú Rey wọ inú ihò kan, níwájú ògiri tó ń dán bíi dígí, Rey ní kó fi àwọn òbí òun han òun. Òjìji méjì ń bọ̀, wọ́n di ọ̀kan, ìgbà tó sì mọ́ kedere, ojú Rey fúnra rẹ̀ ló rí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu sọ ọ́ tẹkúntẹkún pé àwọn òbí òun kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Wọ́n tà á kí wọ́n lè rówó mutí ni. Ara mi bù máṣọ nígbà yẹn, torí ó túmọ̀ sí pé agbára àràmàǹdà tí Rey àti Luke ní kì í ṣe ogún ìdílé kan ṣoṣo. Níparí fíìmù náà, ọmọdé kan tó ń gbálẹ̀ ilé ẹran ọ̀sìn na ọwọ́, ìgbálẹ̀ sì fò wá bá a.

Abrams padà dé lọ́dún 2019. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ Palpatine, olú ọba burúkú inú ìtàn náà, ni Rey, pé ńṣe làwọn òbí rẹ̀ fi ara wọn pa mọ́ láti dáàbò bò ó. Ẹkún ọjọ́ yẹn wá di asán. Ọmọ onígbàálẹ̀ yẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Palpatine fúnra rẹ̀, tí Vader fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ láti gbé jù sí kòtò nínú fíìmù ọdún 1983, ó tún wà láàyè! Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ṣáà ti padà.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi, pé Johnson náà fagi lé iṣẹ́ Abrams nígbà tí Luke ju idà tí Rey gbé fún un sẹ́yìn. Mi ò gbà. Fíìmù 2015 ló kọ́kọ́ sọ pé Luke sá lọ nígbà tí gbogbo ayé ń jó. Kí ló lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sá? Ìbéèrè yẹn ti wà nílẹ̀, Johnson sì dáhùn rẹ̀. Ẹ bá mi wá ìbéèrè kan ṣoṣo tí 2017 fi sílẹ̀ tí 2019 dáhùn láìkọ́kọ́ pa á rẹ́. Mo ti wá a títí, mi ò rí i.