Àyẹ̀wò ọdún mi: ọdún tí L-39 mi fi kẹrosíìnì sílẹ̀

Ẹ kú òpin ọdún o. Nínú gbogbo ohun tí mo fi owó àti àsìkò ṣe lọ́dún yìí, èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí mo ṣe yọ tọ́báìnì, ìyẹn ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń jó kẹrosíìnì, kúrò nínú bàálù onírimóòtù mi tí mo fi fáànù oníná rọ́pò ẹ̀. L-39 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Kano bíi tèmi ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun làwọn ọmọ ogun òfurufú wa fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kun tèmi ní àwọ̀ Nigerian Air Force bó tilẹ̀ jẹ́ pé England ni mo ti ń wà á.

Tọ́báìnì yẹn ò bàjẹ́ o. Owó ni. Kékeré inú wọn tó lè ti bàálù bíi tèmi gan-an wọ́n gógó, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tó nǹkan bíi wákàtí 25, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é á ní kó o fi ránṣẹ́ padà fún sávíìsì, ká má tíì sọ kẹrosíìnì àti ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, àti agolo CO2 tí wọ́n fi ń paná tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kó o tó ṣáná sí i. Tí koríko bá tún gbẹ lásìkò ooru, wọ́n lè ní kẹ́nikẹ́ni má tan tọ́báìnì, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an lojú ọjọ́ dára jù. Mo tà á. Owó ẹ̀ ló ra fáànù 90mm, ESC (ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tò fáànù), ṣájà àti bátìrì, ó tún ṣẹ́ kù.

Àwọn kan rò pé kéèyàn ṣáà yọ ọ̀kan kó ki ìkejì bọ̀ ọ́ ni. Rárá o! Tọ́báìnì lè wà ní gbangba nínú ikùn bàálù kó máa fa afẹ́fẹ́ tó bá rí, fáànù ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi kó o la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ láti ihò imú méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dé ẹnu fáànù, kó má jò níbì kankan. Mo gbẹ́ fóòmù sí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, mo fi sẹ́lótéèpù wé e, mo fi fáíbà àti epoxy bò ó, nígbà tó gbẹ mo da acetone sínú ẹ̀, fóòmù yọ́ dànù, ó wá ku páìpù tó ń dán. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló gba ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ mi, mi ò sì kábàámọ̀ ìkankan nínú ẹ̀.

Ẹ̀yìn náà ní ìṣirò tiẹ̀. Àyè tí apá fáànù yẹn ń gbá tó nǹkan bíi 50 cm², ihò ìdí gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí i, mo lo 44, ìyẹn ihò tó fẹ̀ tó 75mm. Mo so ìdí bàálù mọ́ sikéèlì tá a fi ń wọn lọ́gẹ́ẹ̀jì, ìgbà tí mo wá sọ etí ihò imú di roboto báyìí, ojú sikéèlì lèèyàn ti rí i pé agbára ẹ̀ lé sí i.

Bátìrì 6S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan) méjì ni mo so tẹ̀lé ara wọn, 44.4V, tó bá sáré tán ó ń fa nǹkan bíi 100A, iná tó lè gbé kẹ́tù kan àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn! Lítà méjì kẹrosíìnì wúwo tó 1.6kg, àmọ́ kó o tó balẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bátìrì ní tiẹ̀ bó ṣe wúwo lọ náà ló ṣe ń wúwo bọ̀, torí ẹ̀ mi ò kì í pa fáànù títí táyà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo ń lò lókè, tọ́báìnì máa ń fún mi ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ohùn ẹ̀ náà, àárò ẹ̀ ń sọ mí gidi gan. Àmọ́ bí mo bá ti ọwọ́ rìmóòtù síwájú báyìí, fáànù á jẹ́ mi lójú ẹsẹ̀, tọ́báìnì á kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dáhùn, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti máa fò lemọ́lemọ́ lọ́dún yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Alpha Jet ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì nìyẹn, fáànù méjì, mo ti ń ya ihò imú ẹ̀ lórí pépà.