Herb Carnegie àti iye tí wọ́n fẹ́ san fún un

Ní ọdún 1948, ẹgbẹ́ New York Rangers pe Herb Carnegie wá sí ibùdó ìdánrawò wọn. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà náà, ọmọ bíbí Toronto tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Jàmáíkà, ó sì ń gbá họ́kì orí yìnyín fún Sherbrooke ní Quebec, ní ipò àárín iwájú. Ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó jẹ góòlù 48, ó sì pèsè 79 mìíràn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 56.

Síbẹ̀, àwọn Rangers kò ní kí ó wá bá àwọn gbá líìgì ńlá NHL. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Tacoma ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rán an lọ, pẹ̀lú 2,700 dọ́là. Wọ́n fi kún un títí ó fi di 4,700 fún ẹgbẹ́ New Haven, tí òun náà kò sí nínú NHL. Owó tí Sherbrooke ń san fún un ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó sì ní aya àti ọmọ tó ń bọ́. Ó kọ̀ ọ́.

Àwọn kan gbà pé ì bá fara mọ́ ipò ìsàlẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀nà ì bá ti là. N kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kó ìwé ẹ̀rí àti ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún dé Kánádà, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá ìrírí Kánádà, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Ilé iṣẹ́ kan fi ipò akọ́ṣẹ́ lọ èmi tí mo ti ń darí ẹnjinníà mìíràn ní Ìbàdàn, mo sì gbà nítorí owó ilé. Ṣùgbọ́n èmi ti òkèèrè wá. Toronto ni wọ́n bí Carnegie sí, ibẹ̀ ló ti mọ eré náà láti kékeré; ìrírí wo ló tún kù tí ó yẹ kí ó lọ wá?

Ohun tí Carnegie máa ń sọ ni pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, olùkọ́ni òun sọ fún òun pé Conn Smythe, ọ̀gá ẹgbẹ́ Toronto Maple Leafs, yóò san 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá lè sọ Carnegie di aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn ìlú ìwakùsà ló gbà á, níbi tí òun, Ossie ọmọ ìyá rẹ̀ àti Manny McIntyre ti jọ ń gbá iwájú, aláwọ̀ dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ó bá Jean Béliveau gbá fún Quebec Aces, Béliveau tó di àgbà eléré ní Montreal sì jẹ́rìí sí ọgbọ́n ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Carnegie ti fi eré sílẹ̀ kí Willie O'Ree tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHL ní 1958.

Ó dá ilé ẹ̀kọ́ họ́kì sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó sì ṣiṣẹ́ ìdókòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní ọdún 2012, ní ẹni ọdún 92. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn akọni họ́kì, ní ẹ̀ka àwọn tó mú eré náà gbèrú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ góòlù 48 ní sáà kan ṣoṣo, ẹ̀ka àwọn eléré ló yẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.