Ohun tó ń gbóná ló ń kó owó wa lọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí owó iná, gáàsì àti owó ọbẹ̀

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin ará ilé mi. Bàrígà ni mò ń gbé, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń ra káàdì iná nílé wa, èmi ni mò ń gbé sìlíńdà lọ rọ gáàsì, èmi náà ni mò ń lọ ọjà, torí náà mo mọ ọ̀nà tí owó ń gbà jáde. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: kẹ́ ẹ tó máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ lórí gúlóòbù àti fáànù, ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan tó ń jẹ owó yẹn gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ bá ọmọ jà kọ́ ló ń jẹ iná rárá.

Ẹ wò ó. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, fi owó kún iná Band A, ìyẹn àwọn àdúgbò tí wọ́n ń fún níná jù, láti nǹkan bíi 68 náírà fún yúnìtì kan, ó fò lọ sí 225, wọ́n tún wá dín in sí nǹkan bíi 210 lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwa tá a wà lórí Band A mọ̀ ọ́n lára. Òótọ́ ni pé iná ń wà, ó kéré tán wákàtí ogún ni wọ́n ní kó máa wà lójúmọ́, àmọ́ gbogbo wákàtí tó bá fi wà náà ni mítà fi ń kà. Tẹ́ ẹ bá ra káàdì 10,000 náírà, wọ́n á kọ́kọ́ yọ VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 7.5% nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi nǹkan bíi 210 náírà pín èyí tó kù, yúnìtì 44 péré ló máa wọlé. Ẹ fi 44 yẹn sọ́kàn, òun la fẹ́ pín ná.

Gbogbo nǹkan tó ń lo iná ló ní nọ́ńbà kan lára, lábẹ́ tàbí lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n kọ W tẹ̀ lé. Ẹ fi iye wákàtí tẹ́ ẹ máa lò ó táìmù nọ́ńbà yẹn, kẹ́ ẹ fi 1,000 pín in, yúnìtì tó máa jẹ nìyẹn. Fáànù onídùúró tó jẹ́ 50 W, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá láti alẹ́ mọ́júmọ́, ìdajì yúnìtì ni. Gúlóòbù LED 9 W tẹ́ ẹ tàn fún wákàtí méjìlá, díẹ̀ báyìí ló fi lé lórí ìdá mẹ́wàá yúnìtì kan, bẹ́ẹ̀ gúlóòbù ayé àtijọ́ tó ń pọ́n yẹn, 60 W, ó máa jẹ ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan náà, tí èyíkéyìí bá ṣì wà nílé yín ẹ yọ ọ́ lónìí. Ó wá ku áyọ́ọ̀nù. 1,200 W, wákàtí kan péré, ó ti lé ní yúnìtì kan, ìyẹn ju fáànù òru méjì lọ. Họ́ọ̀tù pléètì 1,500 W tẹ́ ẹ fi se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, yúnìtì mẹ́ta, ó ti lé ní 600 náírà, ẹ ò tíì ka owó ẹ̀wà, ẹ ò tíì ka owó epo. Kẹ́túlù, híítà balùwẹ̀, AC, họ́ọ̀tù pléètì, áyọ́ọ̀nù, ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù, àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn pẹ̀lú fáànù, ẹ jọ̀ọ́, ooru Èkó kì í ṣe eré.

Mítà yẹn fúnra ẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀ tá a bá fara balẹ̀ wò ó. Iná pupa kékeré kan wà lójú ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, bẹ́ ẹ bá ṣe ń lo iná tó náà ló ṣe máa ń yára ṣẹ́jú. Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, ẹ yọ fíríìjì pàápàá lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá lọ dúró síwájú mítà kẹ́ ẹ máa wò ó. Kò yẹ kó ṣẹ́jú. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pa bíréékà inú ilé pátápátá, kẹ́ ẹ tún wò ó: tó bá dúró, nǹkan kan wà nínú ilé yín tẹ́ ẹ ò tíì pa tàbí wáyà tó ń jò, tí kò bá dúró, á jẹ́ pé ẹlòmíì ń mu nínú iná yín látìta nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọmpáǹdì wa gan-an nìyẹn. A pa bíréékà, iná pupa yẹn ò dákẹ́, la bá pe oníṣẹ́ iná kó tọ wáyà, ó tọ̀ ọ́ tọ̀ ọ́, ó bá a lára gúlóòbù géètì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi fún gbogbo ilé, orí mítà tiwa ni wọ́n gbé méjèèjì lé láti ayé tẹ́náǹtì tó ti kó lọ. Kò sẹ́ni tó bínú, a pe ìpàdé, wọ́n gbé e kúrò, ẹ̀rọ omi wá ní mítà tiẹ̀ báyìí, gbogbo ilé ló ń dá owó sí i. Owó káàdì mi lóṣù yẹn yàtọ̀ gedegbe. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú wáyà mítà o, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Torí pé télọ̀ ni mí, áyọ́ọ̀nù ni ọ̀tá mi tó tóbi jù. Ní ṣọ́ọ̀bù, áyọ́ọ̀nù eléèédú la ń lò fún títẹ̀ ojú rírán, aṣọ tó máa gba ìlọ̀ dáadáa nìkan la ń fi áyọ́ọ̀nù oníná lọ̀. Nílé, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ la ń lọ aṣọ, yúnífọ́ọ̀mù àti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kó tó gbóná gan-an ló ń jẹ iná jù, tẹ́ ẹ bá ń tàn án ní àràárọ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì kan, ojoojúmọ́ lẹ ń san owó ìgbóná yẹn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo máa ń fi sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, màá ti yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ooru tó kù nínú ẹ̀ á tó wọn.

Fíríìjì náà ńkọ́? Ẹ mú owó bébà kan, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ wá rọra fa owó náà. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ilẹ̀kùn yẹn ti kú, afẹ́fẹ́ tútù ń jáde látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ ò sì ní sinmi. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe máa bá yín pààrọ̀ rọ́bà yẹn. Ẹ má gbé ọbẹ̀ gbígbóná síbẹ̀, ẹ fa ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ sì kún àyè tó ṣófo nínú fírísà pẹ̀lú ìgò omi, tí NEPA bá mú iná lọ, yìnyín yẹn ló máa ń bá wa tọ́jú ẹja.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ní mítà tí wọ́n kàn ń kọ bíìlì wá fún, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, torí ẹ lè dín iná kù títí kí bíìlì má yí padà. Ní 2020 ni NERC pàṣẹ pé ó níye yúnìtì tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọ kọjá fún ẹni tí kò ní mítà, torí náà tí tiyín bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ iná yín, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní sítáàǹpù, ẹ má kàn lọ pariwo ní kántà. Kẹ́ ẹ sì máa lépa mítà, ìyẹn ló lè tán an.

Gáàsì ló kàn, ọ̀rọ̀ ooru náà ṣì ni. Lára irin tó wà lórí sìlíńdà, nítòsí ibi tá a ti ń dì í mú, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà kan síbẹ̀ pẹ̀lú T.W. tàbí TARE, ìyẹn ni ìwúwo sìlíńdà nígbà tó ṣófo. Tó bá jẹ́ 14.5 ni wọ́n kọ, tẹ́ ẹ sì ra kílò 12.5, sìkéèlì gbọ́dọ̀ fi 27 hàn kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó, kì í ṣe àrífín, owó yín ni. Nílé, iná gáàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù, tó bá ń pọ́n tó ń mú ìdí ìkòkò dúdú, ojú sítóòfù ti dí, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ẹ dé ìkòkò, tó bá ti hó kẹ́ ẹ rẹ iná sílẹ̀, torí omi tó ti ń hó ti ń hó nìyẹn, bẹ́ ẹ bá gbé iná sókè kò lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn ń sun gáàsì lásán ni. Ẹ fi fóòmù ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà gáàsì ti so lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ń yọ ìfófòó ó ń jò, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Dátà ò gba àlàyé púpọ̀, ẹ pa fídíò tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tẹ́ ẹ ò tọrọ yọ yín lẹ́nu, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442.

Níbi oúnjẹ, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pínpín. Àwa obìnrin mẹ́rin ní àdúgbò wa la máa ń dá owó ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan àti ata ní ọjà Mile 12, ẹnì kan ló ń lọ, a máa ń yí i ká, owó mọ́tò àti owó alábàárù wà nínú owó tá a dá kí ẹni tó lọ má baà pàdánù. Kì í ṣe pé tòmátò ibẹ̀ dáa ju tàdúgbò lọ, alátẹ tó ń dá a jọ ní mẹ́rin mẹ́rin fún wa ti san owó mọ́tò tiẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jèrè. Bó bá ti dé ni gbogbo wa máa ń péjọ, a ó da gbogbo ẹ̀ sórí ọ̀rá tá a tẹ́ sílẹ̀, a ó ṣà á: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó ti rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ lọ́tọ̀, olúkúlùkù á mú nínú le, á mú nínú rírọ̀, a kì í jẹ́ kẹ́nì kan ru ìbàjẹ́ nìkan. Ìyá Ìbejì ló fi òfin yẹn lélẹ̀, ó ní, "Ìyá Ṣeun, ẹ jẹ́ ká pín in lójú ara wa, kó má di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn." Ìrẹsì àti ẹ̀wà náà, báàgì la máa ń rà ní ọjà Dàlẹ́kọ̀, a ó fi páìntì wọ̀n ọ́n.

Èyí tó rọ̀ yẹn la máa ń lọ̀ lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá lọ ata tán, ẹ má gbé e kaná pẹ̀lú gbogbo omi ara ẹ̀, ẹ dà á sínú asẹ́ tàbí àpò kí omi ẹ̀ ro dáadáa ná, omi tó bá ti ro lọ fúnra ẹ̀, gáàsì yín kọ́ ló máa gbẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ wá fi òróró díẹ̀ dín in, tó bá tutù kẹ́ ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ọ̀kan fún ọbẹ̀ kan.

Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátò wa ti ń wá, Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀, bí oṣù kìíní sí ìkẹta, ìgbà yẹn la máa ń ra púpọ̀ tá a ń dín sílẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀ ó máa wọ́n, kòkòrò náà sì lè bà á jẹ́ lóko bíi ti 2016 ní Kàdúná. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, a kì í bá a jà, ẹ̀fọ́ la máa ń yà sí, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ pọ̀ rẹpẹtẹ lásìkò òjò, tàtàṣé díẹ̀, ata rodo àti irú ti tó o, kò béèrè tòmátò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.